Wàrà Ìyá Kamaldeen Kì Í Korò

Obìnrin mẹ́ta ló wọlé tọ Ìyá Kamaldeen ní Runjin Sambo ní Sókótó lọ́sàn-án Ọjọ́rú, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kúnlẹ̀ dáadáa. Wọ́n kàn tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n sì nàró. Ìyá Kamaldeen rí i, ó sì fi í pamọ́ sínú.

Obìnrin náà kì í gbàgbé nǹkan. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó ṣì lè dárúkọ gbogbo ẹni tí kò wá kí i nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó sì lè sọ ohun tí oníkálukú ní òun ń ṣe tí òun kò fi ráyè wá. Àwọn Yorùbá Sókótó a máa sọ pé inú rẹ̀ le, pé ó yẹ kí àgbà máa mójú kúrò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ wo àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Alhaja Rùkáyàt ló ṣíwájú wọn wọlé. Òun ni Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin Yorùbá tó ń ṣe Àsàlátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní mọ́ṣáláṣí kan ní Minanata. Ó jókòó sétí àga, ó sì jíṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán an. Ní Sátidé tó kọjá ni wọ́n ṣe ìkómọ nílé Hájíà Rasheedat, tí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Abdulmuiz. Ìyá Kamaldeen ló ṣe wàrà tí wọ́n dín fún àlejò. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, èèyàn mẹ́sàn-án ti ń bì, inú ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fa omi sí méjì lára nílé ìwòsàn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Ẹgbẹ́ ti wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí Ìyá Kamaldeen jáde síwájú Àsàlátù, kó kúnlẹ̀, kó bẹ gbogbo èèyàn, kó sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé òun ti dojú ìkòkò wàrà dé títí ayé. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ẹni tó ń gbé ìlú baba rẹ̀ lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ní Sókótó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìlọrin jìnnà. Ẹgbẹ́ ni ẹbí níbẹ̀. Bí obìnrin kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò fi aṣọ funfun dì í, tí wọn yóò sì jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ àlejò ni yóò kan ara rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá Kamaldeen mọ èyí ju àwọn tó wá fi halẹ̀ mọ́ ọn lọ, torí òun alára ti wẹ obìnrin mẹ́rìnlá nínú wọn.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, kó lè ráyè ronú. Lẹ́yìn náà ló bi Alhaja Rùkáyàt bí wàrà náà ṣe rí lẹ́nu àwọn tó jẹ ẹ́.

"Wọ́n ní ó korò, Màmá. Ó korò bí ewúro."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ méjì."

"Ó korò lẹ́nu yín?"

Alhaja Rùkáyàt wo àwọn méjì tó bá a wá. "Tèmi kò korò," ló wí.

"Inú run yín?"

"Inú ò run mí."

Ìyá Kamaldeen wá béèrè ibi tó jókòó sí. Ó ní nínú pálọ̀ ni, níbi tí wọ́n kó àwọn àgbà sí. Ogún ni wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì fún oníkálukú ní wàrà méjì. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níta lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Kamaldeen béèrè bóyá ẹnikẹ́ni bì nínú àwọn ará pálọ̀. Wọ́n mi orí. Kò sẹ́ni tó bì.

"Ogójì wàrà ni mo kó lé Rasheedat lọ́wọ́, kò lé, kò dín," ni Ìyá Kamaldeen wí. "Ogún èèyàn, méjì méjì. Ẹ̀yin ará pálọ̀ ti jẹ wàrà mi tán. Kí wá ni àwọn tó wà níta jẹ?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní òun kò mọ ìṣirò. Alhaja Rùkáyàt ní kí Màmá má sọ ọ́ di ẹjọ́, torí ilé ẹni ńlá lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kó kàn bẹ̀ wọ́n, kó tán síbẹ̀, wàrà kò ju wàrà lọ.

"Alhaja, ẹ lọ sọ fún wọn pé màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n n kò ní í bẹ̀."

Nígbà tí Kamaldeen dé láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ni, ó sì gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló ní ibi tí èèyàn lè gbà tí kò fi ní í fara gbá a. Ó rán ìyá rẹ̀ létí pé Alhaji Gbádéyan, ọkọ Rasheedat, ló ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti gbogbo ẹní tó wà ní mọ́ṣáláṣí, pé ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni òun ti ń gba táyà tí òun ń tà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìkúnlẹ̀, ó wí. Ta ló máa rántí lọ́dún tó ń bọ̀?

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Wàrà ni mo fi rán ọ nílé ìwé, Kamaldeen. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ṣe é nílùú yìí. Ṣé ó korò lẹ́nu rẹ rí?"

Kamaldeen kò lè sọ pé ó korò. Ó lọ jẹun.

Lówùúrọ̀ Alàmísì, Ìyá Kamaldeen rọ ògì gbígbóná sínú fúlásíìkì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sama Road láti lọ kí Olúbùsọ́lá. Àgùnbánirọ̀ ni ọmọbìnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò, ó sì wà lára àwọn méjì tí wọ́n fa omi sí lára nínú àwọn mẹ́sàn-án tó bì. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń ra wàrà lọ́wọ́ Màmá. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn tó rí ẹni tó dúró níta, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ìyá Kamaldeen fi ìyẹn náà pamọ́.

Ó bu ògì fún un. Nígbà tí ọmọ náà ti mu ún débì kan, Màmá bi í bóyá ó gbà pé wàrà òun ló ṣe é. Olúbùsọ́lá ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ; òun ti ń jẹ ẹ́ láti oṣù keje, kò ṣe òun ní nǹkan rí, ṣùgbọ́n òun jẹ ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, ó korò, òun sì rò pé ata ni. Ó ní òun ò tilẹ̀ jẹ ìkejì.

"Níbo ni ìkejì wà?"

Ojú ti ọmọ náà. "Mo dì í sínú ọ̀rá, Màmá. Ẹ mọ̀ pé àgùnbánirọ̀ kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ lóde ìkómọ. Ó ṣì wà nínú fíríìsà onílé wa. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wò ó."

Ìyá Kamaldeen ní kó gbé e wá. Wàrà náà dì bí òkúta. Ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó sì wò ó títí tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ara rẹ̀.

Ohun tó ń wá kò sí níbẹ̀. Igbá kéékèèké mẹ́wàá ni Ìyá Kamaldeen fi ń ṣe wàrà. Ìyá rẹ̀ ló fi irin gbígbóná lu ihò sí ìdí wọn ní Ìlọrin, kó tó di pé ó fi wọ́n ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó: ihò kan láàárín, méje yí i ká. Inú wọn ló máa ń da wàrà sí kó lè ro, omi a gba inú ihò náà jáde, wàrà a sì yọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wàrà tó bá tọwọ́ rẹ̀ jáde ló máa ń ní kókó kéékèèké mẹ́jọ nídìí. Epo gbígbóná kì í pa á rẹ́, ńṣe ló máa ń mú un le. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kò ní kókó kankan. Ìdí rẹ̀ rí bí ojú àwọ̀n, bí nǹkan tí wọ́n dà sínú asẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì.

Ó fi ẹnu ahọ́n kàn án, ó sì tutọ́ gba ojú fèrèsé síta.

"Èmi àti wàrà yìí kò pàdé rí," ló wí. Ó dì í padà sínú ọ̀rá. Ó ní kí Olúbùsọ́lá mu ògì yòókù tán, kó sì wá sí Àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú bó bá lè dìde.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà, oòrùn Sókótó ń ta á lápá bí ẹni fi irin gbígbóná kàn án, kò sì bìkítà. Ẹlòmíràn ló ṣe wàrà náà, ó dájú. Ta ni? Àwọn obìnrin Hausa máa ń ṣe àwàrà, ṣùgbọ́n ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ó ti tó ogún ọdún tí Ìyá Kamaldeen ti ń bá àwọn tó ń fi èyí wé tirẹ̀ jà. Wàrà tirẹ̀, mílíìkì màlúù ni, ewé bomubomu ló sì ń mú un dì. Ewé náà kún gbogbo ìgbẹ́ ìlú náà, tumfafiya ni àwọn onílùú ń pè é, wọn kì í fi sí oúnjẹ. Ewúrẹ́ gan-an kì í yà síbẹ̀. Wàrà tó korò, ewé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí iná kò sì tó o. Ẹni tó ṣe èyí mọ ewé, kò mọ iná. Ìdajì iṣẹ́ ló mọ̀.

Ibẹ̀ ló ti ṣí àpótí àwọn nǹkan tó ti fi pamọ́ sínú, kò sì pẹ́ kó tó kan ohun tó ń wá.

Ó pé ọdún mẹ́rin ní Ààwẹ̀ tó kọjá tí Rasheedat wá bá a pé òun fẹ́ kọ́ wàrà. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ìlọrin wo ni kò lè ṣe wàrà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ mílíìkì tí kò lábùlà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ ewé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé mílíìkì kaná, wọ́n da omi ewé sí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù Rasheedat dún. Ó ní, "Màmá, mò ń bọ̀." Kò padà wá. Kò mú ọṣẹ àti ṣúgà wá bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe máa ń mú wá kí wọ́n lè ṣàdúà ìyọ̀ǹda fún wọn. Kò tilẹ̀ sọ pé ẹ ṣeun. Lẹ́yìn náà ló ń sọ káàkiri Minanata pé òun ti mọ wàrà ṣe.

Gbogbo ènìyàn ló ti bẹ Ìyá Kamaldeen pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Alhaja Rùkáyàt ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti gbàgbé ni, òun náà ì bá máa rò nísinsìnyí bóyá ọwọ́ òun ló ti ń gbọ̀n, tí òun sì ti ń di arúgbó tó lè pa èèyàn.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, Ládi gbé mílíìkì dé. Obìnrin Fúlàní tí ń gbé ẹ̀yìn odi ìlú ni, láti ọdún mẹ́tàdínlógún ló sì ti ń gbé mílíìkì àárọ̀ wá fún Ìyá Kamaldeen kó tó gbé ìyókù gba Minanata lọ. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ. Inú Ládi kò dùn rárá lọ́jọ́ náà. Láti Sátidé, ó ní, àwọn ará Minanata ò ra mílíìkì lọ́wọ́ òun mọ́, wọ́n ní òun ni òun ń gbé májèlé fún Ìyá.

Ìyá Kamaldeen bi í bóyá ó ta mílíìkì fún Hájíà Rasheedat lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ládi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tà á ní ọjọ́ Jímọ̀, igbá ńlá méjì. Ó ya òun lẹ́nu, torí Hájíà kì í rà ju ìwọ̀nba nónò, mílíìkì tó ti kan, lọ. Òun bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó ní fúrà lòun fẹ́ fi pò fún àlejò.

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ọmọ kékeré kan ní Sókótó tí kò mọ̀ pé nónò kíkan ni wọ́n fi ń pò fúrà. Ẹni tó ra igbá mílíìkì tútù méjì ní tìtorí fúrà, bí ẹni tó ra màlúù ní tìtorí ìwo ni.

"Ṣé wàá lè sọ ọ́ níwájú wọn?" ni Ìyá Kamaldeen bi í.

Ládi ní wàláì, bó bá jẹ́ níwájú ilé ọba gan-an ni. Orúkọ mílíìkì òun náà ni wọ́n bà jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, Ìyá Kamaldeen gbé wàrà méjì sórí àwo níwájú ọmọ rẹ̀, èyí tó ti ilé Olúbùsọ́lá wá àti ọ̀kan nínú tirẹ̀ tó dín lọ́sàn-án. Ó dojú wọn délẹ̀. Kamaldeen ka kókó mẹ́jọ lára ọ̀kan, ó ka òfo lára ìkejì. Igbá náà ló fi ṣeré nígbà tó wà lọ́mọdé; ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní Alhaji Gbádéyan yóò bínú. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ wá táyà tà níbòmíràn nígbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló gbé ìkòkò àti gáàsì kékeré lé orí, tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, tó gbé igbá, odó kékeré àti ewé bomubomu dání, lọ sí Minanata.

Abẹ́ igi dongoyárò tó wà ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń ṣe Àsàlátù. Àwọn obìnrin ti jókòó kún orí ẹní. Rasheedat wà níwájú, ó wọ hìjáábù tó ń dán, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tẹ̀súbáà. Olúbùsọ́lá fara ti ògiri lẹ́yìn. Bí wọ́n ti parí àdúà, Alhaja Rùkáyàt na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Ìyá Kamaldeen. Ó rọra sọ fún un pé kó má jẹ́ kó gùn, kó kàn kúnlẹ̀.

Ìyá Kamaldeen gba ẹ̀rọ náà, ó wò ó, ó sì dá a padà. Ohùn rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

"Ẹ ní kí n wá bẹ̀. Mo ti wá. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo gbé wá, ìkòkò ni."

Ó ní kí Kamaldeen gbé ìkòkò kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo wàrà méjì náà kọjá lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú, ó ní kí wọ́n yí ìdí wọn wò, kí wọ́n sì sọ èyí tí wọ́n ti ń rà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn obìnrin tó ti jẹ wàrà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti di ìyàwó nílùú náà wò ó, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Kamaldeen sọ ibi tó ti rí èyí tí kò ní kókó, Olúbùsọ́lá sì sọ láti ẹ̀yìn pé òótọ́ ni, pé lábẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ti fún òun.

Rasheedat dìde. Kò pariwo, obìnrin tó ti mọ́ lára pé kí wọ́n máa dákẹ́ fún ni. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún Màmá, ṣùgbọ́n gbogbo wàrà tó wà nílé òun lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Màmá ló ti wá. Ó ní ọjọ́ orí ló dé. Ó ní kò sẹ́ni tí kì í darúgbó.

Láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, níbi tí Ládi dúró sí pẹ̀lú igbá lórí, ohùn kan sọ ní Hausa pé, "Hájíà, fúrà yẹn ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

Gbogbo wọn ló gbọ́ Hausa. Ládi sọ fún wọn bí igbá mílíìkì tútù méjì ṣe wọlé Hájíà ní ọjọ́ Jímọ̀, tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, ó sì fi hìjáábù bo ẹnu. Rasheedat ní ṣé ẹnu oní-mílíìkì ni wọ́n fẹ́ gbà gbọ́ ju ẹnu òun lọ ni.

"Má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́," ni Ìyá Kamaldeen wí. "Má sì gba tèmi gbọ́. Rasheedat, o ti sọ fún gbogbo ayé pé o mọ wàrà ṣe. Mílíìkì nìyí. Ewé nìyí. Iná nìyí. Ṣe é níwájú wa. Bó bá jáde tó dùn, èmi Àpínkẹ́ yóò kúnlẹ̀, màá bẹ̀ yín, màá sì fọ́ ìkòkò yìí mọ́lẹ̀ kí n tó lọ."

Alhaja Rùkáyàt ní háàbà, Màmá. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń sún síwájú. Rasheedat wò yíká. Bó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bó bá ṣe é, ó lè bọ́ sí i. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gún ewé, ó pọ̀ ju èyí tó yẹ lọ ní ìlọ́po méjì. Ìyá Kamaldeen rí i, ó fi í sílẹ̀. Ó fún omi rẹ̀ sínú mílíìkì. Wọ́n dúró. Mílíìkì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya, funfun lọ sápá kan, omi tútù bí ewéko lọ sápá kejì. Ibẹ̀ gan-an ni fóònù ti dún lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Rasheedat na ọwọ́, ó pa gáàsì.

"Ó ti jinná," ló wí.

Ìyá Kamaldeen súnmọ́ ọn. "Ó ti jinná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó fi ṣíbí bù ú, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó sì nà án sí i. "Jẹ ẹ́."

Rasheedat gba ṣíbí náà. Ó gbé e dé ẹnu. Ó wo omi aláwọ̀ ewé tó ń kán nídìí ṣíbí, ó wo Olúbùsọ́lá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi sí lára lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò lè jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó tún nílò kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan kan fún òun.

Ìgbà náà ni Rasheedat sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Àlejò ló pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń bọ̀, òun ti sọ fún wọn pé ọwọ́ òun ni òun yóò fi ṣe wàrà tí wọn yóò jẹ. Nígbà tó korò, òun rò pé ata yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹ̀rù ba òun, ẹnì kan sì ní wàrà Ìyá Kamaldeen ni, òun kò lanu. Ọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ jù láti la ẹnu.

"Kò pẹ́ jù," ni Ìyá Kamaldeen wí. "O rí i pé wọ́n fẹ́ lé mi jáde, o sì jókòó síwájú láti wò ó."

Alhaja Rùkáyàt wá kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, hìjáábù rẹ̀ sì kún fún iyanrìn. Ó ní ẹgbẹ́ jẹ̀bi, wọn ò wádìí kí wọ́n tó dájọ́. Ó ní kí Màmá fi Ọlọ́run ṣe é, kó dárí ji ẹgbẹ́, kó sì dárí ji Rasheedat níbẹ̀ kí gbogbo wọn tó túká, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Kamaldeen ń kó àwọn igbá rẹ̀ jọ. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ dìde, Alhaja, ilẹ̀ gbóná. N kò dárí ji ẹnikẹ́ni lónìí. Mo ṣì ń bínú sí Rasheedat, mo sì ń bínú sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sílé mi tí ẹ ò kúnlẹ̀. Bí mo bá kú, ẹ̀yin náà lẹ máa wẹ̀ mí, inú tó ń bí mi kò ní kí ẹ má wẹ̀ mí. Kí ẹnikẹ́ni má sì yọ orúkọ mi kúrò níbi tí mo ti kọ ọ́ sí." Ó yíjú sí Rasheedat. "Ìwọ, wá sílé mi lọ́la lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé o. Ẹni tó mọ ìdajì wàrà léwu ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá lọ, n kò sì ní í jẹ́ kó o fi pa ẹnikẹ́ni."

Kamaldeen gbé ìkòkò lé orí. Ládi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá, kí wọ́n sì tó dé títì, àwọn obìnrin méjì ti dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bi í bóyá mílíìkì ṣì kù nínú igbá rẹ̀.

Rasheedat dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láìwọ bàtà tó ga, ó di ọṣẹ àti ṣúgà sínú ọ̀rá. Ìyá Kamaldeen ní kó gbé e sílẹ̀, pé a kì í gba ìyẹn kí iṣẹ́ tó parí. Ewé díẹ̀ ni wọ́n gún. Wọ́n gbé mílíìkì kaná. Nígbà tó ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fóònù Rasheedat dún nínú báàgì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ìyá Kamaldeen ò gbójú sókè, ó ń ro ìkòkò. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́, ó tún dún. Rasheedat dúró ti iná.

Wọ́n sè é títí tí omi rẹ̀ fi mọ́, tí kíkorò fi lọ. Ìyá Kamaldeen bu omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì bu fún un kó tọ́ ọ wò. Wọ́n dà á sínú igbá. Nígbà tí àkọ́kọ́ ro tán tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí àwo, Rasheedat ka kókó mẹ́jọ nídìí rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ọdún mẹ́rin ló fi rìn kó tó dé," ni Ìyá Kamaldeen wí. Ó sún ọ̀rá ọṣẹ àti ṣúgà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ àdúà sókè, ó sì ṣe é kúkurú. Lẹ́yìn náà ló na igbá tó ṣófo sí i pé kó lọ fọ̀ ọ́, kó sì fọ̀ ọ́ dáadáa, torí òun rántí bó ṣe fọ̀ ọ́ nígbà yẹn.